Ọlánípẹ̀kun Mú Ìyá Ìyàwó Rẹ̀ Wo Torino

Ìtàn yìí gbéra, kò balẹ̀ sórí ìjàpá, kò balẹ̀ sórí ọ̀bọ. Ó wọ tírámù nọ́ńbà mẹ́rin, ó sọ̀ kalẹ̀ ní àdúgbò Barriera di Milano ní ìlú Torino, ó fẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn dé òkè pátápátá nítorí pé ẹ̀rọ tí í gbéni ròkè nínú ilé náà ti ń sinmi láti ọjọ́ pípẹ́, ó wá kan ilẹ̀kùn Ọlánípẹ̀kun, ọkọ Mofìyìnfólúwa.

Ọlánípẹ̀kun, èèyàn dáadáa ni. Padova ló kọ́kọ́ dé sí, ó kàwé níbẹ̀, ó ń gun kẹ̀kẹ́ nínú òtútù bí ẹni tí wọ́n ń lé. Nígbà tó gbàwé ẹ̀rí tán, iṣẹ́ fà á wá sí Torino, ó sì di ọ̀gá lórí àwọn tó ń to ẹrù nínú magazzino, ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan lẹ́yìn ìlú. Kì í mutí, kì í bínú, kì í pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnu nìkan ni ìṣòro rẹ̀. Bó bá ti gbé fóònù sétí, tó sì gbọ́ ohùn ará ilé lódìkejì, ẹnu rẹ̀ á bọ́ sígbó bí ewúrẹ́ tó já okùn.

“Torino kẹ̀, Mọ́mì?” Bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí fún ìyá ìyàwó rẹ̀ tó wà ní Ìlá Ọ̀ràngún. “Kò sí kọ̀rọ̀ tí n kò mọ̀ níbẹ̀. Ẹ ṣáà wá. Èmi fúnra mi ni n óò mú yín rìn ín láti orí dé ìrù.”

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ọ̀nà mẹ́ta péré ni Ọlánípẹ̀kun mọ̀: ọ̀nà ibi iṣẹ́, ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, àti ọ̀nà ọjà Porta Palazzo tí wọ́n ti ń ta ata rodo àti ẹja gbígbẹ. Bí ẹ bá ní kó wá ọ̀nà kẹrin, ọ̀nà questura ni, níbi tí àwọn àlejò ti ń tò láti gba ìwé ìgbélùú, kò sì sí ọkùnrin tó gbọ́n tó máa mú ìyá ìyàwó rẹ̀ lọ wo ìyẹn. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ni í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Màmá gba físà, nígbà tó sì di ọjọ́ kan nínú oṣù kẹfà, wọ́n wọ bàálù, wọ́n dé.

Màmá kò ṣàdédé wá. Mofìyìnfólúwa ti jìyà kàwé gba ìwé ẹ̀rí olùtọ́jú arúgbó, ilé ìtọ́jú kan sì ti fún un ní contratto iṣẹ́ gidi, kì í ṣe èyí tó ń kú lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Mọ́ńdè ló máa bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ wọn, Olúwadámiláre, kò tíì lè dìde dúró, asilo nido tí wọ́n ti ń bá àwọn òbí tọ́jú ọmọ ọwọ́ sì ti sọ pé kò sáyè, àfi oṣù kẹsàn-án. Bí Màmá bá dúró pọn ọmọ, iṣẹ́ dúró. Bí Màmá bá lọ, iṣẹ́ lọ. Ọ̀rọ̀ náà kò ní ẹ̀ka mìíràn.

Màmá sì fẹ́ lọ.

Kí ló fà á? Manchester ló fà á. Àkọ́bí Màmá, Motúnráyọ̀, òun àti ọkọ rẹ̀ Akínbọ̀dé ń gbé ní Salford, lẹ́bàá Manchester, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Màmá ti lo ìgbà díẹ̀ lọ́dọ̀ wọn lọ́dún tó kọjá, físà tibẹ̀ kò sì tíì tán. Akínbọ̀dé kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí fóònù. Ó kàn ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó kàn wa mọ́tò, ó kàn ń mú Màmá káàkiri ni. Ìyẹn ló burú jù.

“Ìlú mẹ́wàá ni wọ́n sin pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀,” Màmá á wí, wọ́n á sì dá ṣíbí dúró lórí ìrẹsì. “Manchester ni ìyálé. Salford ni ìyàwó kékeré, odò kan báyìí ló pààlà láàárín àwọn méjèèjì kí wọ́n má baà jà. Bolton, Bury, Oldham, Rochdale, wọ́n yí wọn ká bí ọmọ ṣe ń yí ìkòkò ọbẹ̀ ká. Ní Bury, wọ́n ń ta ẹ̀jẹ̀ dídì lọ́jà, ó ń dán bíi bàtà ṣọ́jà. Ní Wigan, wọ́n ń ti mítí-páì bọ inú búrẹ́dì. Búrẹ́dì nínú búrẹ́dì! Mo jẹ ẹ́, mo yó di ọjọ́ kejì. Ní Stockport, ẹ̀yin èèyàn, ilé kan wà ńbẹ̀ tí kò sí nǹkan mìíràn nínú ẹ̀ ju fìlà lọ. Fìlà ọlọ́rọ̀, fìlà tálákà, fìlà tó dà bí ìkòkò. Tírámù wọn, àwọ̀ ìyeyè. Ọjà kan wà ní Trafford, orí àjà ẹ̀ ni wọ́n ya ojú ọ̀run sí. O ń jẹun, ojú ọ̀run wà lórí ẹ, bẹ́ẹ̀ abẹ́ òrùlé lo wà.”

“Òjò ibẹ̀ ńkọ́, Mọ́mì?” Ọlánípẹ̀kun béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

“Òjò Manchester? Òjò tó lẹ́kọ̀ọ́ ni. Kì í pariwo. Ó kàn máa ń wà níbẹ̀ ni.”

Mofìyìnfólúwa pa ẹ̀rín mọ́ ẹnu. Màmá fi ṣíbí tọ́ka sí ojú fèrèsé.

“Níbí ńkọ́? Láti ìgbà tí mo ti dé, ògiri ni mo ń wò. Mo kí obìnrin tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa, ó dìrọ̀ mọ́ báàgì ẹ̀. Mo kí ọkùnrin tó ń gbá ojú pópó pé ó kú iṣẹ́, ó wo ẹ̀yìn ẹ̀ bóyá ẹlòmíì ni mò ń bá wí. Èèyàn tí kò rí ẹni kí látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kí ló yà á sọ́tọ̀ lára àga? Bàbá Dámiláre, o ní o mọ ìlú yìí. Mú mi jáde ní Sátidé. Bí mo bá rí ohun tí Manchester kò ní, mo dúró títí ọmọ á fi wọ ilé ìwé ẹ̀. Bí n kò bá rí i, kí Akínbọ̀dé fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́.”

Nígbà tí Màmá wọlé lọ sùn lọ́sàn-án, Mofìyìnfólúwa ká ọkọ rẹ̀ mọ́ ìdí sínkì.

“Ìwọ lo ní o mọ Torino láti orí dé ìrù.”

“Mo sọ bẹ́ẹ̀.”

“Ìrù ẹ̀ dà?”

Ọlánípẹ̀kun gbé fóònù wọ ilé ìwẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí ka ohun tí àwọn àlejò ń wò ní ìlú tó ti ń gbé láti ọdún gbọọrọ.

Sátidé mọ́. Màmá wọ ìró àti bùbá àdìrẹ, wọ́n wé gèlè, wọ́n sì wọ bàtà kẹ́ńbáàsì funfun tí Akínbọ̀dé rà fún wọn ní Bolton. Bàtà yẹn dun Ọlánípẹ̀kun lójú láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò nílé. Ó dà bí ẹni pé ọkùnrin yẹn ń bá wọn rìn.

Mole Antonelliana ni wọ́n kọ́kọ́ lọ, ilé gàgàrà tó ní ṣóńṣó orí, èyí tí wọ́n máa ń yà sára owó ẹyọ. Màmá gbé ojú sókè títí ọrùn fi fẹ́ kán.

“Ta ló ń gbé ibẹ̀?”

“Kò sẹ́ni, Mọ́mì.”

“Kí ni wọ́n ń gbé síbẹ̀?”

“Wọ́n... èèyàn máa ń gòkè, á wo ìlú, á sì sọ̀ kalẹ̀.”

Wọ́n dé ìdí ẹ̀rọ tó ń gbéni lọ sókè. Ẹ̀rọ yìí kò ní ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́, gíláàsì ni, okùn irin ló sì ń fà á gba inú òfìfo ilé náà kọjá lọ sókè réré. Màmá wò ó tí ó lọ, wọ́n wò ó tí ó bọ̀.

“Ọmọ mi, mo ti fa omi nínú kànga fún ogójì ọdún. Mo mọ ohun tí wọ́n ń fi okùn fà báyìí. Korobá ni. Ṣé korobá ni mí?”

“Rárá, Mọ́mì.”

“Ó dáa. Níbo ló kù?”

Ọlánípẹ̀kun mú wọn gba abẹ́ òrùlé àwọn òpópó ńlá lọ sí ààfin. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀ níbí, nítorí pé kò sí ará Ìlá tí kò bọ̀wọ̀ fún ààfin. Màmá tún gèlè ṣe. Wọ́n rọra ń tẹ ilẹ̀ àgbàlá náà bí ẹni tó fẹ́ kúnlẹ̀.

“Ṣé Kábíyèsí wà nílé?”

“Wọn kò ní ọba mọ́, Mọ́mì.”

“Ó wàjà?”

“Rárá o. Àwọn ará ìlú ló ní kí ìdílé ọba máa lọ. Wọ́n dìbò ni.”

Màmá dúró sójú kan. “Wọ́n dìbò... lé ọba?”

“Ó ti pẹ́, Mọ́mì. Lẹ́yìn ogun ni.”

“Wọ́n dìbò lé ọba, wọ́n wá ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà kí èèyàn wá wo àga ẹ̀!” Wọ́n yí padà kíá, bí ẹni tí ilẹ̀ ń jó lẹ́sẹ̀. “Mú mi kúrò ńbí. Ilẹ̀ Ọba ni Akínbọ̀dé ń gbé ní tiẹ̀. Ọba wọn ń bẹ lórí àpèrè, ó ń juwọ́.”

Ó wá ku màlúù. Lójú ilẹ̀ ní Piazza San Carlo, àwòrán màlúù kan wà tí wọ́n fi idẹ ṣe sára òkúta. Àwọn èèyàn gbà gbọ́ pé ẹni tó bá fi gìgísẹ̀ tẹ kóró ẹpọ̀n màlúù náà, tó sì yí bírí lórí rẹ̀, oríire á bá a. Ọlánípẹ̀kun kò mọ̀. Ohun tó kà ni pé “màlúù oríire” wà níbẹ̀, ó sì rò pé ère gìrìwò ni. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ọkùnrin kan tó wọ kóòtù ń yí lórí ibẹ̀ gbirigbiri, ìyàwó rẹ̀ ń ya fọ́tò.

Màmá bẹ̀rẹ̀ wò ó. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ wò ó.

“Bàbá Dámiláre.”

“Mọ́mì.”

“Ṣé ibi tí mò ń wò yẹn náà ni?”

“Ibẹ̀ ni, Mọ́mì.”

“Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ títí ibẹ̀ fi di kòtò!” Màmá pàtẹ́wọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Inú Ọlánípẹ̀kun dùn, ó rò pé ayé ti dára. Àfi ìgbà tí Màmá nu ojú tán tí wọ́n ní, “Ní Stockport, fìlà ni wọ́n fi ń ṣe tiwọn. Wọn kò fìyà jẹ ẹnikẹ́ni.”

Ọ̀sán ti pọ́n. Ohun kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ Ọlánípẹ̀kun. Ó sún mọ́ Màmá, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

“Mọ́mì, ẹ rántí àwọn ará Íjíbítì? Àwọn tó fi àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ṣẹrú? Wọ́n wà níbí.”

“Àwọn ọmọ wọn?”

“Àwọn fúnra wọn.”

Màmá, tó ti ń kọ́ àwọn obìnrin ní Ẹ́kísódù láti ìgbà tí Mofìyìnfólúwa ti wà nínú ikùn wọn, gbéra lójú ẹsẹ̀. Bàtà Bolton ló ṣíwájú.

Kí ẹ tó lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé tí wọ́n kó ohun àtijọ́ àwọn ará Íjíbítì pamọ́ sí, ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí Màmá jẹ́ ní Ìlá. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, àwọn ni olórí ẹgbẹ́ tó ń bẹ olóòkú wò. Bí ẹnì kan bá kú ní àdúgbò, kí wọ́n tó gbé omi kaná, Màmá ti dé. Wọ́n mọ ẹni tó ń sunkún tọkàntọkàn, wọ́n mọ ẹni tó ń sunkún nítorí ilé. Wọ́n mọ ìgbà tó yẹ kí olóòkú jẹun àti ìgbà tó yẹ kí wọ́n fún un lómi nìkan. Wọn a máa wí pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, àti pé òkú kì í sùn láìsí ẹni tó jókòó tì í.

Wọ́n wọlé. Yàrá àkọ́kọ́ dákẹ́ rọ́rọ́, iná ibẹ̀ kò mọ́lẹ̀ púpọ̀. Nínú àpótí gíláàsì kan, òkú ọkùnrin kan ká jọ sórí yanrìn bí ọmọ tó wà nínú ìyá rẹ̀. Kò wọṣọ. Èékánná rẹ̀ ṣì wà, awọ ara rẹ̀ ṣì wà. Màmá dúró. Ẹ̀rín tán lójú wọn. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè, wọ́n tú gèlè, wọ́n sì fi gbàjá.

Ọlánípẹ̀kun sún mọ́ wọn. “Mọ́mì, kí ló dé?”

“Ta ló ni òkú yìí?”

“Ìjọba ló ni ín, Mọ́mì.”

“Ìjọba ló bí i ni? Mo ní ta ló jókòó tì í?”

Ọlánípẹ̀kun wò yíká. Lórí àga ní ìkángun yàrá, ọkùnrin kan tó wọ kóòtù dúdú jókòó, ó ti ń lọ sí ẹni ọgọ́ta ọdún, ó gbé àgbọ̀n lé ọwọ́, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ṣọ́ ibẹ̀ kí ọmọ aráyé má fọwọ́ kan gíláàsì.

“Ọ̀gbẹ́ni yẹn ló ń jókòó tì wọ́n.”

“Lójoojúmọ́?”

“Lójoojúmọ́ ni, Mọ́mì, àmọ́...”

“Hẹ̀ẹ́n. Òun ni olóòkú.”

“Mọ́mì, òkú yìí ti lé ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọdún!”

“Ẹ̀hẹ́n. Ìdí tó fi rẹ ọkùnrin náà tó báyẹn nìyẹn.”

Kí Ọlánípẹ̀kun tó mọ ohun tó máa ṣe, Màmá ti dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin náà. A kì í nàró kí olóòkú, nítorí náà wọ́n wá ibi jókòó. Bẹ́ńṣì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, wọ́n jókòó síbẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gba ọwọ́ rẹ̀ kan mú.

“Ẹ kú ará fẹ́ra kù o. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Ọlọ́run á tù yín nínú. Ẹ̀yìn wọn á dára. Ó tó gẹ́ẹ́, Ọlọ́run á dáwọ́ ẹ̀ dúró.” Wọ́n yíjú. “Sọ ọ́ fún un.”

Lójú Ọlánípẹ̀kun, wọ́n ti lé wọn síta, wọ́n ti pe ọlọ́pàá, questura ti gba ìwé rẹ̀, Màmá sì ti wà ní Salford tí wọ́n ń jẹ búrẹ́dì nínú búrẹ́dì. Ó fi Italian sọ ọ́ ní kúkúrú pé ìyá òun ń bá ọ̀gá kẹ́dùn, nítorí òkú ọ̀gá.

Ọkùnrin náà gbójú sókè. Ó wo Màmá.

“Báwo ni ìyá yín ṣe mọ̀?”

Ọkùnrin náà ní Matteo ni orúkọ òun. Ó ní wọ́n sin ìyá òun lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní àwọn èèyàn ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù, wọ́n fi àwòrán òdòdó sí i, ṣùgbọ́n Màmá lẹni àkọ́kọ́ tó jókòó ti òun. Ló bá bú sẹ́kún, ẹkún ọkùnrin tí kò mọ ẹkún sun, tó ń jáde bí ikọ́.

“Kí ló wí?” Màmá béèrè.

“Ìyá ẹ̀ ló kú, Mọ́mì.”

Màmá wo Ọlánípẹ̀kun láti òkè dé ìsàlẹ̀. “Ìwọ sì ń bá mi jiyàn.”

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọmọ mélòó ni ìyá bí? Matteo nìkan. Ìyàwó dà? Kò ní. Ta ló wà pẹ̀lú rẹ̀ nílé? Kò sẹ́ni. Ta ló ń se oúnjẹ? Ó ní òun máa ń jẹ wàràkàṣì. Màmá mi orí. Ẹni ọdún mélòó ni ìyá?

“Mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, Mọ́mì.”

“Ṣé o gbọ́ ọ dáadáa?”

“Mo gbọ́ ọ.”

“Òkú àgbà!” Màmá fi ọwọ́ gbá itan, ohùn wọn dún dé yàrá kejì. “Ó sì ń sunkún bí ẹni tí òkú ọ̀fọ̀ ṣẹ̀! Sọ fún un kó nu ojú ẹ̀ nù. Ìyá tó lo ayé tó báyẹn, oúnjẹ là ń jẹ sí i, orin là ń kọ sí i. Sọ ọ́ fún un.”

Ẹ gbà mí o. Báwo ni èèyàn ṣe fẹ́ fi Italian sọ fún ẹni tó ń sunkún pé ikú ìyá rẹ̀ ṣe é jẹ oúnjẹ sí? Ọlánípẹ̀kun gbé ọ̀rọ̀ náà yí, ó ní ìyá òun sọ pé ìyá Matteo ṣe gudugudu.

“Ó kúrú jù,” Màmá ní. “Èyí tí mo sọ gùn ju ìyẹn lọ.”

Àwọn tó wá wòran ti ń pọ̀. Wọ́n rí ìyá àgbà aláṣọ àdìrẹ tó di gèlè mọ́ ìbàdí, wọ́n rí olùṣọ́ tó ń nu ojú, wọ́n sì rí òkú nínú gíláàsì. Wọ́n rò pé ara ohun tí àwọn san owó fún ni. Tọkọtaya arúgbó kan tí wọ́n dà bí ará Japan wò wọ́n títí, ọkọ wá sún mọ́ Matteo, ó tẹrí ba, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ìyàwó rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Ni ìlà bá bẹ̀rẹ̀! Àwọn ará Germany tò, àwọn ará Genova kan tò, obìnrin kan gbé ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ pé kó lọ bọ bàbá yẹn lọ́wọ́. Màmá ń dáhùn fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: “Ẹ ṣeun o. A kò ní fi irú ẹ̀ gbà á o.”

Ọ̀gá obìnrin kan tó mú rédíò àwọn olùṣọ́ lọ́wọ́ yọ lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ le. Ọlánípẹ̀kun di ojú. Matteo na ọwọ́ sí ọ̀gá náà, ó ní, “Fún ìyá mi ni.” Obìnrin náà dúró, ó wo ìlà, ó pa rédíò, ó tò sẹ́yìn.

Nínú tírámù tó ń gbé wọn relé, Màmá kò sọ̀rọ̀. Ọlánípẹ̀kun náà kò sọ̀rọ̀, ìyẹn sì ni ohun tó nira jù tó tíì ṣe láyé. Gbogbo ẹnu ló ń yún un. Ó fẹ́ béèrè pé, “Mọ́mì, ẹ ti rí i? Ṣé Manchester nìyí?” Ó di ahọ́n mú láàárín eyín.

Nígbà tó yá, Màmá wo òde. “Ọjọ́ ogójì ìyá yẹn, ta ni yóò ṣe é?”

Ọlánípẹ̀kun ní òun kò mọ̀.

“Ọmọ tó ń jẹ wàràkàṣì,” Màmá ní.

Wọn kò tíì bọ́ bàtà tán tí fóònù fi dún. Akínbọ̀dé ni. Mofìyìnfólúwa gbé ọmọ sí èjìká, ó dúró gbagidi. Màmá fi fóònù sórí tábìlì kó lè sọ̀rọ̀ sókè.

“Mọ́mì, ẹ kú ilé. Mo ti rí tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́rú. Ṣé kí n rà á?”

“Akínbọ̀dé, dúró ná. Mo ní ọ̀fọ̀.”

Ariwo sọ ní Salford. “Hà! Mọ́mì! Ta ló kú? Motúnráyọ̀, máa bọ̀! Mọ́mì, ta ni?”

“Ìyá Matteo.”

“Mọ́mì, ta ni Matteo?”

“Olóòkú mi ni. Ó ń jókòó ti àwọn ará Íjíbítì. Ó pẹ́ kó tó yé èèyàn.” Màmá sún mọ́ fóònù. “Akínbọ̀dé, ọmọ dáadáa ni ọ́, o mú mi rí ìlú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Jẹ́ kí n bi ọ́. Ṣé àwọn èèyàn ń kú lọ́dọ̀ yín?”

“Wọ́n ń kú, Mọ́mì.”

“Ṣé o mọ olóòkú kan, ẹyọ kan, tí mo lè lọ jókòó tì?”

Akínbọ̀dé ronú. Ó ronú gba Salford, ó ronú dé Rochdale. “N kò mọ̀ ọ́n, Mọ́mì. A kì í sábà mọ ara wa.”

“Má ra tíkẹ́ẹ̀tì. A kì í fi ọ̀fọ̀ sílẹ̀ láìpé ogójì ọjọ́.”

Mofìyìnfólúwa wọ kìṣìnì, ó fi aṣọ ìnuwọ́ bo ẹnu, ó jó láìsí orin. Mọ́ńdè dé, ó wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó lọ. Màmá pọn Dámiláre, wọ́n gbé abọ́ ọbẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n wọ tírámù lọ sí ilé Matteo ní San Donato, bó ṣe júwe rẹ̀ fún wọn, àwọn pẹ̀lú Ọlánípẹ̀kun tí àkókò iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì tó. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, Màmá ti mọ ọ̀nà náà láìsí amọ̀nà. Wọ́n mọ ẹni tó ń ta búrẹ́dì níbẹ̀, wọ́n mọ orúkọ ajá rẹ̀. Matteo dẹ́kun wàràkàṣì. Ó ń fi omijé jẹ ata, kò sì sẹ́ni tó mọ èyí tó jẹ́ ti ìyá rẹ̀ nínú omijé náà mọ́.

Ọjọ́ ogójì bọ́ sí ìparí oṣù keje. Fadá gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tó wà ní igun òpópó, gbogbo èèyàn sì gòkè lọ sí pálọ̀ ìyá Matteo. Ìrẹsì wà, adìẹ wà, Matteo fúnra rẹ̀ sì se agnolotti, ìyẹ̀fun tí wọ́n ń ki ẹran sínú rẹ̀, bí ìyá rẹ̀ ṣe ń sè é. Àwọn arúgbó ilé náà, tí wọ́n ti ń gbé lórí ara wọn láti ayébáyé láìmọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ara wọn, oníkálukú gbé àga tirẹ̀ wá. Wọ́n sọ ìtàn ìyá náà, pé ahun ni, pé ó máa ń ṣa ẹja wò lẹ́yọ lẹ́yọ lọ́jà, pé ohùn rẹ̀ dùn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ilé fi mì. Màmá kò gbọ́ Italian kankan, wọ́n sì rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ.

Lọ́jọ́ kejì, Akínbọ̀dé pè.

“Mọ́mì, ogójì ti pé o.”

Ọlánípẹ̀kun, tó ń fọ ìkòkò lọ́wọ́, dá kànìnkànìn dúró. Oṣù kẹjọ gbáko ló ṣì wà níwájú kí asilo nido tó ṣí, Dámiláre kò sì tíì mọ irìn.

“Ó ti pé,” Màmá gbà. Wọ́n mí kanlẹ̀. “Àmọ́ ṣé o rí i, obìnrin kan ń gbé lókè Matteo, ó dàgbà gan-an, àwọn ọmọ ẹ̀ ti lọ sí etí òkun fún ìsinmi. Ó ń wúkọ́. Ikọ́ yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn. Jẹ́ kí n ṣì máa wò ó ná.”

Wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n ní kí Ọlánípẹ̀kun lọ ra oyin àti ọsàn wẹ́wẹ́. Ó nu ọwọ́, ó wọ bàtà. Lẹ́nu ọ̀nà ó dúró, ó di ojú, ó gbàdúrà, nítorí pé Kristẹni ni.

“Olúwa, wo obìnrin náà sàn. Wò ó sàn pátápátá. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má kánjú.”

Mofìyìnfólúwa, tó ń múra ibi iṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, gbọ́ ọ. Ó fi báàgì gbá a lẹ́yìn, ó ní ojú kò tì í. Ọlánípẹ̀kun ti bọ́ sórí àtẹ̀gùn kí Mofìyìnfólúwa tó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, “Àmín.”